Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Ti Jí, Mo sì Ti Lọ́kọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ bí mi àti ẹ̀yin tí ẹ bá wọn tọ́ mi. Ọ̀kun o, Bàbá mi. Ọ̀kun o, Ìyá mi. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mú bírò, orúnkún mi méjèèjì wà lórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Àbújá ti gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ mí ní kékeré, mo kí yín. Káyọ̀dé, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, má sì sá wọ yàrá, torí orúkọ rẹ máa jáde nínú lẹ́tà yìí.

Mo ti lọ́kọ!

Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, torí ó dùn mọ́ mi láti kọ ọ́. Èmi Bọ́láńlé, ọmọ yín, ti di ìyàwó Gbádébọ̀, Gbádébọ̀ kan náà tí ẹ ò jẹ́ kó jókòó. Kọ́ọ̀tù la lọ, ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó pé oṣù méjì báyìí. Mo wọ léèsì funfun tí ọ̀gá mi yá mi, ọkọ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní àbàwọ́n ọ́ìlì kankan, mo yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn kí a tó wọlé. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́ kí n dẹ́kun ẹ̀rín kí n lè dáhùn ìbéèrè òun. Mi ò lè dẹ́kun. Títí di òní yìí tí mo ń kọ̀wé, mi ò tíì dẹ́kun. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń gúnyán, mo ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, àwọn èèyàn á máa wò mí bíi pé orí mi ti yí.

Oṣù méjì ni mi ò fi sọ ọ́ fún yín. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síta, sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tí gbogbo ilé ń kà, ni pé gbangba ni ẹ ti kọ̀ ọ́, gbangba náà ni mo fẹ́ ti dáhùn. Mi ò bínú. Ayọ̀ mi ò fi àyè sílẹ̀ fún ìbínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní tọrọ àforíjì o.

Fún ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní Kérésìmesì tó kọjá, mo mú Gbádébọ̀ wá kí Bàbá lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìkirè ni, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ni, ní Ìdù ní Àbújá níbí, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi, ẹ ò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ wò. Ẹ rí ọ́ìlì dúdú tó ti wọ abẹ́ èékánná, tí ọṣẹ kankan ò lè yọ mọ́, ẹ sì béèrè bóyá ó wá tún nǹkan ṣe ni. Nígbà tí mo ní òun ni mo fẹ́ fẹ́, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọwọ́ tèmi ló ba kọ̀ǹpútà ilé yìí jẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ sì kún fún ọ́ìlì, kí ni àwa méjèèjì fẹ́ fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbé ró? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ wá na ìka sí ìyẹ̀wù, sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ yẹn bá jí, ọjọ́ náà ni kí n tún mú un wá. Gbádébọ̀ ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré sí mi lè má mọ ẹ̀rọ náà. Táípíìsì ni Bàbá ní ìjọba ìbílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, wọ́n fi yàrá iwájú ṣe ilé ẹ̀kọ́ táìpù. Taipúráítà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti kọ̀ǹpútà ẹyọ kan ṣoṣo, àlòkù tí wọ́n rà ní Èkó. Ó fẹ̀ bí àpótí aṣọ, ó wúwo bí ọlọ, ojú rẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré jókòó lé e lórí. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Àwọn èèyàn máa ń dúró lẹ́nu fèrèsé wò ó bó ṣe ń tan, lẹ́tà funfun á máa jáde lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ṣe hàà.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ọjọ́ kejì ọdún tuntun ni, Bàbá ní kí n lọ tàn án kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, píì, píì, píì, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, kò sì jí mọ́. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn: mo tẹ bọ́tìnnì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Abẹ̀rọjẹ́. Bí rédíò bá kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ẹ ó ní ta ló rí Bọ́láńlé nítòsí ibẹ̀? Bí àyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ, àfi bíi pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbòmíràn, ilé ẹ̀kọ́ náà kógbá sílé. Ẹ ò sọ ọ́ sí mi lójú rí pé èmi ni mo ba ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́, Bàbá mi, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ nínú bí ẹ ṣe ń dákẹ́. Mo parí sẹ́kọ́ńdírì, mo wá sí Àbújá, ọwọ́ burúkú yìí kan náà ni mo sì fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń jẹun náà. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Wúsè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fọ́tòkópì ni mo kọ́kọ́ ń ṣe. Ọ̀gá mi, Màdáámù Ládi, jẹ́ obìnrin Kàdúná, ó sì ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kí ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tó wà ní àdúgbò wa tó mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìwé há sínú ẹ̀rọ fọ́tòkópì, mo sì rọra yọ ọ́ láì fi ya. Ládi ń wò mí. Ó ní kai! ọwọ́ yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ta ló fi í sídìí fọ́tòkópì? Omi bọ́ lójú mi. Ó ní ṣé òun bú mi ni? Kò mọ̀ pé ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi ẹnu rere dárúkọ ọwọ́ mi. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń tú lápútọ́ọ̀pù àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì, wọn ò sì mọ̀ pé ẹni tó ń tú u, àyọ́ọ̀nù lásán pàápàá, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án nílé bàbá rẹ̀.

Mpape ni mò ń gbé, lórí òkè níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, ife á gbọ̀n lórí tábìlì, eruku òkúta á sì bà lé ohun gbogbo. Nígbà ọyẹ́, eruku òkúta àti ti ọyẹ́ á pàdé, ètè mi á là, irun mi á di funfun bíi ti ìyá àgbà. Kí n tó mọ Gbádébọ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ Haúsá, mo ń gbọ́ Gbàgyí, mo ń gbọ́ píjìnì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kí mi ní Ọ̀kun o, bí a ti ń kíra nílé. Nígbà mìíràn tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá kí yàrá òfìfo pé Ọ̀kun o, màá sì dá ara mi lóhùn. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ọkùnrin náà bá níbẹ̀, àti irú ẹni tí mo dà báyìí.

Ó wá ku ti Káyọ̀dé. Bàbá mi, àwọn tó ń ra irin àlòkù ò ra kọ̀ǹpútà yín o. Irọ́ ni. Kò pẹ́ tí ẹ fi ẹ̀rọ náà ṣe àdéhùn fún mi tán tí ẹ ní kí Káyọ̀dé gbé e tà kí ìyẹ̀wù lè ní àyè, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó wá ju kọ́kọ́rọ́ sódò. Káyọ̀dé pè mí. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n ta ọkọ rẹ fún onírin o. Mo ní kó gbé e wá. Ó dì í sínú àpò ẹ̀pà, ó wọ mọ́tò, mo sì lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Abaji. Ó ní awakọ̀ béèrè ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ nínú àpò, òun sì dáhùn pé ọlọ ni, pé ẹ̀gbọ́n òun ń lọ sílé ọkọ. Awakọ̀ ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó lọ ata pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Ẹ má bá Káyọ̀dé wí. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, ẹ mọ ibi tí mò ń gbé.

Òfin kan wà tí Ládi fi kọ́ mi. Ó ní ẹ̀rọ tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn kì í ti iná bọ̀ ọ́ lójijì, bí èèyàn kì í ti í fi omi tútù jí arúgbó. Kọ́kọ́ tú u. Wò ó. Gbóòórùn rẹ̀. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà, ara wa sì gbẹ dé ibi pé bí mo bá bọ́ súwẹ́tà, iná kéékèèké á ta pà-pà-pà lára mi. Ládi ní kí n máa fọwọ́ kan irin ní ìgbà gbogbo kí n tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ, torí iná kékeré bẹ́ẹ̀ tó láti pa á pátápátá. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú, mo gbàdúrà, mo tú u.

Mo rí alángbá tó ti gbẹ. Mo rí erùpẹ̀ pupa ilé wa, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ọ wò. Mo rí bátìrì kékeré kan tó ti da omi rẹ̀ sórí pátákó inú ẹ̀rọ, àwọ̀ omi náà dà bíi ti oògùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fín sí kòkó, ó sì ti ń jẹ àwọn okùn tín-ín-rín tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ohun tó máa ń pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà. Ó bo ojú ibi tí wọ́n ki mẹ́mórì, pátákó kékeré tí ẹ̀rọ fi ń ronú, bọ̀, ó dúdú, ó sì lẹ̀ bí àtè. Mo fi ìka kàn án, mo gbé e símú. Ìyá mi, imú mi dá a mọ̀ kí ọkàn mi tó dá a mọ̀. Òórùn ọdún tuntun ni.

Òróró ni. Òróró yín ni, Ìyá mi. Lọ́dọọdún tí ẹ bá ti ìsìn àìsùn dé, ẹ máa ń fi òróró tí wọ́n gbàdúrà sí yí gbogbo ilé ká: orí wa, àtẹ́rígbà, ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹ ó sì gbàdúrà kí oníbàárà má wọ́n, ẹ ó wá kán an sínú àwọn ihò tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún tí ẹ̀rọ náà kú yẹn, ẹnì kan ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun sí òdìkejì ọ̀nà wa. Ẹ ò kán an lọ́dún yẹn. Gbogbo ìgò ni ẹ dà síbẹ̀. Èmi ni mo bá yín di ìdérí rẹ̀ mú, mo sì ṣe àmín kíkan.

Ẹ má sunkún o. Ẹ rẹ́rìn-ín, torí a rẹ́rìn-ín níbí títí ìhà fi ń dùn wá. Gbádébọ̀ ní wọ́n lé òun nítorí ọ́ìlì abẹ́ èékánná, ìgò òróró odindi sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àna òun! Mi ò bá àdúrà yín jà, Ìyá mi. Ọlọ́run gbọ́ ọ, Ó kàn gba ọ̀nà jíjìn wá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ èyí kedere kí gbogbo ilé lè kà á, ẹni tí kò bá lè kà kí wọ́n kà á fún un: kì í ṣe ọwọ́ mi. Kò fìgbà kankan jẹ́ ọwọ́ mi.

Mo yọ bátìrì tó kú, mo fi òjé lẹ tuntun mọ́ ọn. Mo fi fínígà àti burọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ omi bátìrì náà kúrò, mo fi sipíríìtì nu òróró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ti iná bọ̀ ọ́. Fáànù rẹ̀ yí. Mo fò sókè. Lẹ́yìn náà ó ké: píì, píì, píì. Mo tún di ọmọ ọdún méjìlá, mo ń retí kí ẹnì kan pè mí láti inú ilé. Nígbà tí mo ròyìn fún Ládi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní yauwa, ó dáa, ó ti bá ọ sọ̀rọ̀! Ó ní ẹ̀rọ àgbà kò ní ẹnu, igbe ló ń fi sọ ibi tó ń dun òun, kí n ka iye igbe náà. Ní ti irú ẹ̀rọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta túmọ̀ sí mẹ́mórì. Ṣé ẹ gbọ́, Bàbá mi? Látọjọ́ yẹn ló ti ń sọ fún wa. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo yọ mẹ́mórì náà, mo fi írésà, èyí tí ọmọ ilé ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, ha eyín wúrà rẹ̀ títí tó fi ń dán, mo fọ ihò rẹ̀, mo dá a padà.

Ojú rẹ̀ tàn! Lẹ́tà funfun, Ìyá mi, bíi ti àtijọ́! Ó ní ọdún 1980 la wà, ní oṣù àkọ́kọ́, mo sì kígbe pé wọn ò tíì bí mi! Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ò tíì pé. Ó ní òun ò rí háàdì dìsíkì, ìyẹn àpótí irin kékeré tó ń kó gbogbo iṣẹ́ pamọ́ sí. Bátìrì tó kú yẹn ló ń bá a rántí ohun tó ní. Àpótí wà ní ikùn rẹ̀ níbẹ̀, ó ti gbàgbé pé òun ní in. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà mẹ́ta júwe àpótí náà fún un, nọ́ńbà ọ̀hún sì wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, òróró sì ti jẹ bébà náà.

Bàbá mi, ẹ rántí ọjọ́ Ajé kan tí mo pè yín pé oníbàárà kan gbé irú ẹ̀rọ yín àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù? Mo gbọ́ tí ẹ ń fa dúrọ́ọ̀. Mo mọ̀ pé ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, èyí tí ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà sí lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ ní ẹ ò ní pe nọ́ńbà fún ẹni tí kò mú bírò dání. Mo ní mo ti mú bírò. Ẹ pè é, ẹ ní kí n kà á padà. Mo kà á. Ẹ ní mò ń kà á bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, kí n tún un kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn yín sì dùn lọ́jọ́ náà, ohùn olùkọ́ tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ẹ wá ní kí n kìlọ̀ fún oníbàárà mi pé kí òpè má fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àti pé kí èmi alára jìnnà sí i. Oníbàárà náà, èmi ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún mi ní nọ́ńbà.

Mo fi nọ́ńbà náà sí i. Ó gbà á. Síbẹ̀ àpótí náà dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe, Ládi pàápàá mi orí. Ní Sọ́ńdè kan Gbádébọ̀ béèrè ohun tí a máa ṣe bí kò bá jí láéláé. Ó béèrè rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń bó ọsàn fún mi lọ́wọ́. Mo wo ẹ̀rọ náà, mo wo ọkùnrin náà, nǹkan kan sì là nínú mi. Mo ti ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ irin! Mo ní kó gbé ọsàn sílẹ̀. Mo ní Ọjọ́bọ̀ tí a bá ti parí ètò kọ́ọ̀tù, a ó lọ. Ó ní kí wá ni ti Bàbá? Mo ní màá tún ẹ̀rọ Bàbá ṣe fún Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọkọ mi dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Ládi jẹ́rìí, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì yá mi ní léèsì.

Ẹ tẹ́tí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Gbádébọ̀ kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Ó ní ẹrù àna ni, ẹni tí wọn ò tíì kà sí àna kì í tú ẹrù àna wò. Lọ́jọ́ náà ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ títí, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó ní nígbà ayé bàbá bàbá òun, ọkọ ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna rẹ̀, á kọ ebè, á ro oko; òun náà ti dé oko. Ó fi ẹnu súkúdiráífà kan àpótí náà, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, bó ṣe máa ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣàìsàn. Ó ní kí n tan iná. Ó gbọ́. Ó ní kò kú, ó fẹ́ yí, ohun kan ló lẹ̀ mọ́ ọn nínú, irú ohun tó máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì tó bá pẹ́ nílẹ̀. Ó ní kí n yọ àpótí náà lẹ́nu ìdè, kí n dì í mú sọ́wọ́, kí n tan iná, kí n sì fi ọrùn ọwọ́ yí i wẹ́lẹ́, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò. Mo ní kó ṣe é. Ó ní rárá, ọwọ́ tèmi ni wọ́n bú jù. Mo yí i. Ó kùn. Bàbá mi, ó kùn bí oyin! Ìwé ilé ẹ̀kọ́ yín sì tò lọ lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò pa ẹ̀rọ náà títí mo fi da gbogbo rẹ̀ kọ sí ibòmíràn, ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó má baà tún sọnù.

Mo kà á. Mi ò ní sọ pé mi ò kà á. Mo rí orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ kọ́ ní táìpù. Mo sì rí àwọn ìwé ìdána. Mo ti gbàgbé pé ẹ̀yin ni gbogbo ìlú máa ń wá bá bí wọ́n bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, pé kí ẹ bá wọn kọ ìwé tí ẹbí ìyàwó máa ń kà síta pé àwọn ti gbà. Ti ọmọ pásítọ̀ wà níbẹ̀. Ti ọmọ alápatà wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń fi ọmọ fún bíríkìlà, ẹ sì kọ ọ́ fún wọn pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun kò ní fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Bàbá mi! Mo kà á sókè fún ọkọ mi, ó dìde, ó jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, mo rí ìwé kan tí kò lórúkọ ẹnikẹ́ni, èyí tí ẹ fi ń ṣe àwòkọ. Ọ̀rọ̀ ti pé nínú rẹ̀. Ààyè orúkọ ọmọbìnrin àti ààyè orúkọ ọkùnrin nìkan ló ṣẹ́kù.

Mi ò fi nǹkan kan sí ààyè náà. Mo lè fi í, ẹ mọ̀ pé mo lè fi í, ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìka yín ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́. A ń gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ wálé, èmi àti ọkọ mi, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ láti Ìkirè. A ó gbé e sí yàrá iwájú, a ó tàn án, ìwé náà á sì ṣí sílẹ̀ níwájú yín. Bí ẹ bá tẹ orúkọ wa síbẹ̀, ayọ̀ mi á kún dẹ́nu. Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní di ẹni tí kò lọ́kọ, a ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú yín, a ò ní tètè lọ, kí ẹ lè ráyè rò ó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìyọnu nípa iná mànàmáná. Bí wọ́n bá mú un lọ, mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́.

Ìyá mi, ẹ mú òróró yín dání, orí wa méjèèjì ló máa gbà á lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ìgò bí ẹ bá fẹ́. Káyọ̀dé, gbá yàrá iwájú, sì wá tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín ní Kérésìmesì, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ rí jù. Ẹ tún wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tuntun ni lọ́tẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí títí ẹ ó fi gbé ọmọ wa jó. Kí ojú yín má ṣókùnkùn, kí etí yín máa gbọ́ ìròyìn ayọ̀, kí ilé wa má tún dákẹ́ mọ́. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará oko, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tí Bàbá kọ́ ní táìpù tó ṣì wà nítòsí, kí àwọn náà wá.

Èmi ni ọmọ yín, Bọ́láńlé, aya Gbádébọ̀.

Sátidé kejì lẹ́yìn Àjíǹde ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ilé Bàbá. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dé.